Ìka Tí Mo Nà ní Ilẹ̀ Pupa

Ǹjẹ́ o ti gbọ́ òórùn àpáta rí, nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò bá rọ̀ lé e lórí lẹ́yìn oòrùn ọ̀sán? Ó dà bí ìkòkò tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi sí. Òórùn yẹn ló pàdé wa nígbà tí a dé ilẹ̀ pupa tó wà lẹ́yìn òkè Òwù, níbi tí àgbàrá ti gbẹ́ ilẹ̀ láti ayébáyé títí ó fi di ọ̀gbun àti ògiri gàgàrà tí koríko kò lè dì mọ́.

Àsìkò ìsinmi Àjíǹde ni, kò pẹ́ tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀. Bàbá mi, tí í ṣe olùkọ́ ní ilé ìwé ìjọ ní Ọ̀mù-Àrán, ló ní kí gbogbo ilé lọ sùn ní àgọ́ ọdẹ níbẹ̀, ká lè wo ilẹ̀ náà àti àwọn ẹranko rẹ̀. Bàbá àgbà, ọdẹ tó ti gbé ìbọn kọ́ láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, rẹ́rìn-ín títí. Ó ní òun kò tí ì rí ẹni tó lọ wo ọbẹ̀ lórí iná tí kò mú òkèlè dání. Síbẹ̀ òun náà ló ṣíwájú wa. Èmi àti ìyá mi tẹ̀ lé wọn, pẹ̀lú ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó wá láti Èkó lo ìsinmi, ọmọbìnrin tí ọjọ́ orí òun àti tèmi kò jura lọ.

Ọmọ Èkó yìí ni n kò lè gbójú kúrò lára rẹ̀. Èmi ni mo máa ń tẹ̀ lé bàbá àgbà lọ wo tàkúté láti kékeré. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni ipò mi, bí mo tilẹ̀ jẹ́ obìnrin. Lọ́jọ́ náà, ọmọ Èkó ni wọ́n fi sí ẹ̀yìn bàbá àgbà. Èmi ru kèrègbè omi, mo ń jẹ eruku wọn bọ̀. Nígbà tí a sun iṣu, bàbá àgbà bó ti ọmọ Èkó fún un, ó sì fẹ́ ẹ kó má baà jó o lẹ́nu. Èmi fi èékánná bó tèmi, mo ń bi ara mi léèrè bóyá ipò mi ti bọ́ nìyẹn.

Nínú ìdílé tiwa, bí a bá wọ igbó, a kì í pe ẹranko lórúkọ, a kì í sì í na ìka sí i. Ìkúùkù ni a ń dì, tí àtàǹpàkò á wà nínú rẹ̀, òun ni a fi ń júwe ibi tó wà. Wọ́n ti lu ìka mi lórí òfin yìí kí n tó mọ̀wé kà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn gara, ẹranko kékeré tó dà bí òkété, yọ jáde láti inú ihò àpáta wá yá oòrùn. Lẹ́yìn wọn ni ìgalà kan àti ọmọ rẹ̀ wá lá ilẹ̀ oníyọ̀ ní ẹsẹ̀ ògiri pupa náà, tí àmì funfun ara wọn ń dán nínú ìmọ́lẹ̀ kùtùkùtù. Ọmọ Èkó bá fò dìde, ó na ìka rẹ̀ gbọnrangandan.

"Ìgalà! Ẹ wò ó, Bàbá, ìgalà!"

Àwọn ẹranko bẹ́ lọ, òkúta kéékèèké ń yí gbirigbiri lẹ́yìn wọn. Inú mi dùn, n kò ní tàn ọ́. Mo yíjú sí bàbá àgbà, mo ń retí ìbáwí tí yóò dá ipò mi padà fún mi. Ó fọwọ́ pa ọmọ náà lórí.

"Ojú rẹ mú, ọmọ Èkó."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi bí ẹ̀gún. Mo ní, "Bàbá, ó pè é lórúkọ, ó tún na ìka sí i." Bí mo ti ń wí i, ìka tèmi náà ti nà tààrà sí ibi tí ìgalà ti kúrò. Ọwọ́ bàbá àgbà bà mí kí n tó dákẹ́.

"Ká a kò. Ìwọ náà ò mọ̀ ni?"

Ẹranko kankan kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo lọ sí etí odò kékeré kan nísàlẹ̀ àgọ́ lọ sunkún, mo ń ráhùn pé àwọn àgbà ló ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Kí ló wá dé tí ojú àlejò fi mú ju tèmi lọ? Ọmọ Èkó tọ̀ mí wá. Mo ní kó padà, ó jókòó.

"Ìwọ ni wọ́n ń kọ́," ó ní. "Èmi, káàbọ̀ ni wọ́n ń kí mi láti àná."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán, ọ̀bọ kan bọ́ sórí àpáta, ọmọ náà sì di ìkúùkù, ó fi júwe rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ó wá gbójú sókè sí bàbá àgbà. Àtàǹpàkò rẹ̀ yọ síta, àṣìṣe tí wọn ì bá torí rẹ̀ gbá mi lọ́wọ́. Bàbá àgbà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gé ẹran gbígbẹ fún un. Ọmọ náà kò jẹ ẹ́. Ó mú un lọ́wọ́ títí a fi palẹ̀ mọ́, àtàǹpàkò yẹn ló sì ń wò.

N kò ní sọ fún ọ pé owú náà tán lójú ẹsẹ̀. Àgbà tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti gbàgbé bí owú ti rí. Mo ṣì jowú iṣu bíbó yẹn. Ohun tó yé mi lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni pé owú tí mo ń jẹ lọ́dọ̀ rẹ̀, òun náà ń jẹ ẹ́ lọ́dọ̀ mi, tirẹ̀ sì jinlẹ̀ ju tèmi lọ. Ìbáwí ni wọ́n fi ń pín ogún nílé wa. Ẹ̀rín músẹ́ ni wọ́n fi ń sin àlejò dé ẹnu ọ̀nà.

Bàbá àgbà kú kí ẹ̀ẹ̀rùn tó tún dé. Ọmọ Èkó kò bá wa wọ igbó mọ́.