Wágọ́nù 64 àti Ohun Tí N Kò Rí

Ọjọ́ kẹsàn-án tí Bàbá Ṣódipọ̀ ti wà ní àtìmọ́lé àwọn sójà ni wọ́n fi ìwé pè mí sí Aláúsá. Ìwé náà kò gùn. Wọ́n ní kí n wá síwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, kí n sì má ṣe pẹ́. Ìyàwó mi kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Bàbá Kúdí," ó ní, "ṣé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ mú ẹ̀yin náà mọ́ ọn?"

Ohun tí èmi náà ń rò nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ mi, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé yín. Pátáànì ni mo kọ́. Kí wọ́n tó da irin yíyọ́ láti fi ṣe ẹ̀yà ẹ̀rọ, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi igi gbẹ́ ohun náà gẹ́lẹ́ bó ṣe máa rí, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ iyanrìn, kí ojú rẹ̀ sì dúró síbẹ̀. Igi tí a gbẹ́ yìí là ń pè ní pátáànì. Bí igi bá wọ́, irin á wọ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe é ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, kí Sáàpù, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀, tó dé. Nígbà tí Sáàpù dé, náírà di yẹpẹrẹ, ohun tí à ń kó wọlé láti òkè òkun kò ṣeé rà mọ́, iná ilé ìdàrin wa kú, wọ́n sì ní kí ọ̀pọ̀ nínú wa máa lọ sílé.

Máníjà tó lé mi náà ló tún pè mí padà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ilé iṣẹ́ wa ní sáídìn, ìyẹn ojú irin tó yà kúrò lára ojú irin ńlá, tó wọ inú ọgbà wa. Wágọ́nù ẹrù méjìlá ló dúró lórí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ti rà wọ́n tipẹ́tipẹ́. Wọ́n ti kàn wọ́n láyé ìgbà tí ẹ́ńjìnnì rélùwéè ń jẹ èédú, tó ń tú èéfín dúdú bo aṣọ tí àwọn ará Agége bá sá sí ìta. Máníjà fẹ́ kí n fi igi gbẹ́ ọ̀kan ní kékeré, kí òun gbé e sínú àpótí onígíláàsì ní ọ́fíìsì òun.

"Gbẹ́ 64 fún mi," ó ní. "Òun ló ṣì lera jù."

Ẹni tó ń bójú tó sáídìn náà ni Bàbá Ṣódipọ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, wọ́n sì ti fi ọgbọ̀n ọdún yẹ wágọ́nù wò lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Aláàdúrà ni wọ́n, ṣùgbọ́n ohùn tí wọ́n fi ń bá wágọ́nù tí kò ní gírísì wí le ju èyí tí wọ́n fi ń bá Èṣù wí ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Àkọ́gbẹ́ mi, òkèèrè ni mo dúró sí tí mo fi ojú wọn wágọ́nù náà. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi gbẹ́ ẹ. Inú mi dùn sí i, mo gbé e lọ fún Bàbá. Wọ́n yí i síwájú, wọ́n yí i sẹ́yìn.

"Wàsíù, kí nìyí?"

"Wágọ́nù ni, sà."

"Wágọ́nù wo?"

Mo rẹ́rìn-ín. Àwọn kò rẹ́rìn-ín. "Tí mo bá ní kí o gbẹ́ ère ìyá rẹ, ṣé obìnrin kan ṣáá ni wàá gbẹ́?"

Mo gbé igi náà lọ fún ìyàwó mi, ó fi dáná. Láti ọjọ́ kejì ni Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi bí a ṣe ń mọ wágọ́nù kan yàtọ̀ sí èkejì. Wọ́n ní nọ́ńbà ni kí n wò kẹ́yìn, nítorí pé ọ̀dà ni, ẹnikẹ́ni ló sì lè kun ọ̀dà. Wọ́n ní kí n ka pákó ara rẹ̀, kí n ka hínjìsì ilẹ̀kùn, kí n wo àwọn àpótí gírísì, ìyẹn àpótí irin tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀pá ẹsẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń ki gírísì sí kí ó má baà gbóná lórí ìrìn.

Lókèèrè, ìbejì ni 64 àti 46. Ìpẹtà kan náà, òrùlé kan náà, ilẹ̀kùn kan náà. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá sún mọ́ 64, á rí i pé ó ti forí gbá nǹkan rí. Wọ́n lẹ irin pẹlẹbẹ kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n fi ríbẹ́ẹ̀tì méje, ìyẹn ìṣó irin olórí róbótó, kàn án, ìkeje sì yẹ̀ kúrò lórí ìlà bí eyín tó yọ síta. Mẹ́ta nínú ìdérí àpótí gírísì rẹ̀ rí róbótó, ìkẹrin ní igun mẹ́rin, nítorí pé níbi tí wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, ohun tó wà ńlẹ̀ ni wọ́n fi sí i. Igi ọ̀gánwó ni mo fi gbẹ́ ẹ. Ẹsẹ̀ bàtà kan lára wágọ́nù di ìdajì íǹṣì lọ́wọ́ mi. Orí píìnì ni mo gé fi ṣe ríbẹ́ẹ̀tì méjèèje, mo sì jẹ́ kí ìkeje yẹ̀. Bàbá wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Ehn. Èyí ni 64." Máníjà gbé e sínú gíláàsì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àìsàn gbé Bàbá lọ sí Ìjẹ̀bú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kí wọ́n tó dé, ilé iṣẹ́ ti gba akunlé kan pé kí ó tún nọ́ńbà gbogbo wágọ́nù kọ. Ọkùnrin náà ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò dé ojú irin, ó wá kọ 46 sára 64, ó kọ 64 sára 46. Bàbá rí àṣìṣe náà nígbà tí wọ́n dé. Wọ́n ní kí wọ́n tún un kọ bí ọ̀dà bá dé. Ọ̀dà kò dé. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ta 46 fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, irin ni Bàbá wò, wọn kò wo nọ́ńbà. 46 gangan ni wọ́n gé, ṣùgbọ́n 64 ló wà lára rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gé e lọ.

Kò pẹ́ tí ìjọba ológun fi gba ilé iṣẹ́ náà, wọ́n sì fi alábòójútó tuntun síbẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Dàda. Máníjà wa àtijọ́ ti kúrò, akunlé ti bá tirẹ̀ lọ sí Kútọnu. Ọ̀gbẹ́ni Dàda mú ìwé, ó lọ sí sáídìn. Ìwé ní wọ́n ti ta 46. 46 rèé tó dúró. Ìwé ní 64 kò gbọdọ̀ kúrò. Kò sí 64. Ó ní Bàbá ti gba rìbá, wọ́n fi wágọ́nù tó dára sílẹ̀ fún àwọn oníirin, wọ́n fi èyí tó ti bàjẹ́ dí àyè rẹ̀. Sàbótéèjì ni wọ́n ń pe irú ẹ̀ láyé ìgbà náà, ẹni tó bá sì kó sí i, a kì í mọ ìgbà tó máa jáde. Àwọn sójà méjì ló wá mú Bàbá nílé wọn ní Agége, ní ìdí tíì àárọ̀.

Ìyàwó wọn, Ìyá Délé, ló sáré wá bá mi. "Wàsíù, Bàbá ní kí n sọ fún ẹ pé ère rẹ yẹn ni ẹ̀rí tó kù. Ó ti wà nínú gíláàsì kí akunlé tó dé ọ̀hún. Wọ́n ti sọ fún àwọn ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n gbé e wò."

Ó yẹ kí inú mi dùn pé iṣẹ́ ọwọ́ mi lè gba èèyàn là. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní Aláúsá, tí mo ń dúró kí wọ́n pè mí, bíréèkì ẹ̀yìn ni mo ń rò. Ìhà kejì 64 fara ti ògiri ọgbà, igbó ti bo ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo sì ti rí ejò níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. N kò padà débẹ̀ mọ́. Mo ní bí bíréèkì iwájú bá ṣe rí náà ni tẹ̀yìn á ṣe rí, mo wá gbẹ́ apá bíréèkì sí ẹ̀yìn. Nígbà tí Bàbá bi mí pé, "O dé ẹ̀yìn?", mo ní mo dé ẹ̀yìn.

Wọ́n pè mí wọlé. Èèyàn mẹ́ta ló jókòó sí ìdí tábìlì, àwòṣe mi sì wà láàárín. Méjọ̀ kan, ọmọ Èkìtì, ni alága wọn. Ọ̀gbẹ́ni Dàda jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n mú Bàbá wọlé. Irùngbọ̀n wọn ti funfun gbòò, wọ́n sì fi ọwọ́ di ṣòkòtò wọn mú, torí pé wọ́n ti gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ wọn.

"Ìwọ lo gbẹ́ èyí?" Méjọ̀ kò pariwo.

"Èmi ni, sà."

"Ìgbà wo?"

"Kí wọ́n tó tún nọ́ńbà kọ ni, sà."

Ọ̀gbẹ́ni Dàda fọwọ́ lu tábìlì. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ohun ìṣeré ọmọdé lèyí. Ṣé òun la fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí?"

Méjọ̀ gbé e, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀. "Gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀, ṣé ojú rẹ ló rí i?"

Bàbá mi orí sí mi. Ó dá wọn lójú, torí pé mo ti sọ fún wọn pé mo dé ẹ̀yìn. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ tán. Bí mo bá ní rárá, bóyá èmi ni mo máa fi ọwọ́ ara mi ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

"Rárá, sà."

"Ó ti jẹ́wọ́!" Ọ̀gbẹ́ni Dàda ti dìde. Bàbá di ojú wọn.

"Ẹ jókòó," Méjọ̀ sọ fún un. Ó yíjú sí mi. "Èwo ni o kò rí?"

"Bíréèkì ẹ̀yìn, sà. Ìyẹn nìkan. Mo gbẹ́ ẹ bí mo ṣe rò ó. Gbogbo ìyókù, mo fọwọ́ kàn án, mo sì fi téèpù wọ̀n ọ́n."

Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ó fi dígí rẹ̀ sápò. "Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Mọ́tò sójà méjì ló gbé wa lọ sí Ìkẹjà. Ní sáídìn, Méjọ̀ ní kí sójà kan ha ọ̀dà 46 náà, bóyá nọ́ńbà àtijọ́ á yọ lábẹ́ rẹ̀. Sójà ha á títí. Irin ihòòhò nìkan ló yọ. Ọ̀gbẹ́ni Dàda mí kanlẹ̀.

Méjọ̀ gbé àwòṣe mi ka orí dúrọ́ọ̀mù kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi wé wágọ́nù. Ó ka pákó, ó pé. Ó ka hínjìsì, ó pé. Ó wo àpótí gírísì: róbótó, róbótó, róbótó. Ìkẹrin ní igun mẹ́rin.

"Ríbẹ́ẹ̀tì dà?"

Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo mọ̀ pé ó wà. N kò rí i. Òjò ọdún kan ti fọ́n ẹrẹ̀ pupa sí gbogbo ìsàlẹ̀ wágọ́nù náà, ó ti gbẹ bíi símẹ́ńtì. Mo fi èékánná ha á, èékánná mi ya. Mo gbọ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Dàda ń rẹ́rìn-ín kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo bọ́ bàtà mi, mo fi gìgísẹ̀ rẹ̀ lu ẹrẹ̀ náà, ó sì ré lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Irin pẹlẹbẹ náà yọ.

Méjọ̀ fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀ pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Ó fi ìka kà á. "Oókan, eéjì, ẹẹ́ta..." Nígbà tó dé ìkeje, ó gbé ìka rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, níbi tó yẹ̀ sí. Ó wo àwòṣe. Ó tún wo wágọ́nù.

Ọ̀gbẹ́ni Dàda ti gba ẹ̀yìn lọ, ó ń fi igi ya igbó. Ó kígbe láti ibẹ̀: "Sà! Ẹ wá wò ó! Kò sí bíréèkì níhìn-ín! Ti ère yẹn ní! Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà!"

Méjọ̀ dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. Ó ṣí ìwé rẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni," ó ní, "ọkùnrin yìí ti sọ ìyẹn fún wa kí a tó kúrò ní Aláúsá." Ó yíjú sí àwọn sójà. "Ẹ fún Bàbá ní bẹ́líìtì wọn."

Mo rò pé Bàbá á dì mọ́ mi. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. A jọ ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin lọ sí Agége, wọ́n ń tiro díẹ̀.

"O ní o dé ẹ̀yìn."

"Ẹ foríjì mí, sà."

"Ká ní o purọ́ fún ọkùnrin yẹn bó o ṣe purọ́ fún mi, ibo ni ǹ bá wà báyìí?"

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn, tí Ìyá Délé ti ń sáré bọ̀, wọ́n dúró. "Mú àdá dání lọ́la. Mú téèpù."

Lọ́jọ́ kejì, a ṣán igbó náà. Bàbá jókòó lórí òkúta, wọ́n di igi mú nítorí ejò, mo sì fi àyà fà wọ abẹ́ wágọ́nù. Lóòótọ́, kò sí apá bíréèkì níbẹ̀. Irin kékeré kan tó ní ihò mẹ́ta ló wà níbi tí wọ́n ti yọ ọ́. Mo wọn ihò kọ̀ọ̀kan, mo ń ké e jáde, Bàbá sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ìgbà náà, nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo ti ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò gbẹ́ ohun tí n kò rí mọ́.

Bàbá ti lọ bá àwọn àgbà nígbà tí wọ́n wá gé 64, lọ́dún mélòó kan lẹ́yìn náà. Àwọn tó wá gé e ní ìwé lọ́wọ́, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Mo gbọ́, mo sì lọ dúró síbẹ̀. Ọkùnrin tó ń fi iná gáàsì gé e ṣí ìbòjú rẹ̀, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ ra irin ni?"

"Rárá," mo ní. "Mo kàn mọ̀ ọ́n ni."