Ọkọ̀ Tó Kọjú Sílé

Òórùn ìrókò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là máa ń mú mi rántí ọ̀sán kan ní Yaba. Bàbá mi, káfíńtà, ń gbẹ́ àmì ìlú Fadá wa, ará Áyálàndì, sára pákó: ilé olódi kan àti ọkọ̀ ojú omi. Fadá ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń wúkọ́. Èmi náà ò lè jókòó.

“Káfíńtà, ẹ ti kọjú ọkọ̀ sílé,” ló sọ lójijì. “Àwọn tí ìyàn lé jáde nílùú wa ló dúró fún. Lílọ ló ń lọ.”

“Ẹ má bínú, Fadá. Màá tún un gbẹ́.”

Fadá fọwọ́ pa ọkọ̀ náà títí.

“Rárá. Ẹ jẹ́ kó máa bọ̀.”

Mi ò mọ̀ lọ́jọ́ náà pé ìdérí pósí Fadá ni bàbá mi ń gbẹ́.