Ìbẹ́pẹ Tó Sùn sí Àyè Ọmọ

Bí irọ́ bá wọ inú ìtàn yìí, bó tiẹ̀ kéré bí ẹnu abẹ́rẹ́, kí kálámù yìí gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́. Òótọ́ pọ́ńbélé ni, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọ́ dáadáa tó mi.

Alápatà kan wà tí àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn gáréèjì. Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀, ó rí tín-ín-rín débi pé Tẹ́ẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Nígbà tó bímọ, nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún un pé bí òun àti ọmọ bá fẹ́ jọ máa sùn, kí fóòmù má rọ̀ jù, kí ìrọ̀rí àti kúbùsù jìnnà sí ọmọ, kí ọmọ máa fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, kí ẹni tó bá mutí má sì dé ibẹ̀ rárá. Tẹ́ẹ́rẹ́ mú ọ̀rọ̀ náà délé. Alápatà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Èmi tí mò ń gbé màlúù ṣánlẹ̀, ọmọ ọwọ́ ni màá wá sùn lé láìmọ̀?”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó mutí yó dé, ó sì wó sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ. Tẹ́ẹ́rẹ́ wà nídìí máṣìnnì rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Ó dá máṣìnnì dúró kó lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ló bá rí i pé ilé ti dákẹ́ jù. Ó sáré wọlé. Apá alápatà ti dábùú ọrùn ọmọ, ojú ọmọ sì ti ń dúdú. Ó ti apá náà títí, apá kò mira. Ló bá ki eyín bọ ọrùn ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó gé e jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi kún un lẹ́nu. Alápatà ta gìrì, ó sì fọ́ ọ létí tí páànù òrùlé fi dún. Àmọ́ Tẹ́ẹ́rẹ́ ti fa ọmọ yọ, ọmọ sì ti figbe ta. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ó gbé áyọ́ọ̀nù, ó fi gbá ọkọ rẹ̀ léjìká. Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lódìkejì títì sáré wá là wọ́n. Ẹ̀ṣẹ́ alápatà bá a lẹ́nu: eyín rẹ̀ kan gba ojú fèrèsé jáde, ó sọdá títì, ó sì já ìyẹ́ lára ẹyẹlé tó ń kọjá lọ.

Nígbà tí ọtí dá lójú alápatà, ó ní irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ òun, òun ò fapá kan ọmọ kankan. Ó ní ajá ni ìyàwó òun, àti pé ẹ̀gbẹ́ ọmọ òun lòun á máa sùn. Tẹ́ẹ́rẹ́ mọ̀ pé bí òun bá tún pẹ́ díẹ̀ nídìí máṣìnnì, òkú ọmọ lòun á bá.

Ọjọ́ tó tún gbọ́ orin ọ̀mùtí ọkọ rẹ̀ láti ojú títì, ó gbé ọmọ lọ sí yàrá kejì. Ó mú ìbẹ́pẹ tó ti pọ́n, ó fi aṣọ ọmọ wé e, ó dé e ní fìlà ọmọ, ó sì tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Alápatà wọlé, ó pọ́n ìbẹ́pẹ lé, ó pè é ní ọmọ bàbá, ó sì sùn lọ.

Nígbà tó jí, àyà rẹ̀ tutù. Ohun pupa kan ti yọ́ jáde láti inú aṣọ ọmọ, fìlà sì ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Igbe tó ké, ewúrẹ́ já okùn. Ó forí sọ ògiri títí sìmẹ́ńtì fi ń ya bọ́. Ó gbé àpótí ìjókòó, ó fi ń lu apá ara rẹ̀ títí àpótí fi là sí méjì. Onígbàjámọ̀ tún sáré dé, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó fọwọ́ bo ẹnu.

Tẹ́ẹ́rẹ́ gbé ọmọ jáde.

“Bàbá ọmọ mi, ìbẹ́pẹ nìyẹn. Ọmọ yín rèé.”

Alápatà wo ọmọ, ó wo ìbẹ́pẹ, ó sì lọ mú ọ̀bẹ ìpẹran. Tẹ́ẹ́rẹ́ di ọmọ mú gírígírí. Àfi bó ṣe dojú ọ̀bẹ kọ àwọn ìrọ̀rí, tó ń gún wọn, tí òwú inú wọn bo títì bí èéfín. Ó fa kúbùsù ya. Ó fi àáké gé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó tẹ́ fóòmù líle sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fà á jìnnà sí ògiri, ó ní ti ìyá àtọmọ nìyẹn. Ẹní tirẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló gbé e lọ. Ọjọ́ tó bá sì mutí, orí bẹ́ǹṣì onígbàjámọ̀ ló ń sùn.

Onígbàjámọ̀ náà ṣì wà láyé, ó ń gẹrun lójú títì kan náà. Ẹni tó bá rò pé mo bù mọ́ ọn, kó lọ fárí lọ́dọ̀ rẹ̀, kó sì sọ ohun tó máa pa á lẹ́rìn-ín. Kó wá wo ibi tí eyín yẹn wà tẹ́lẹ̀.