Obì Tí Ọ̀bẹ Ìdíátù Ha

Ìró àdá ni Ìdíátù kọ́kọ́ mọ̀ láyé. Kò tíì mọ orúkọ ara rẹ̀ dáadáa tó fi mọ̀ ọ́n: pọ̀ọ́, pọ̀ọ́, lẹ́yìn ilé wọn ní Mákùn, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń la èso obì tútù lórí ìtì igi. Ó rò pé bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ṣe ń mọ́ níbi gbogbo. Nígbà tí wọ́n mú un lọ kí àwọn ará ilé ìyá rẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, tó jí láàárọ̀ tí kò gbọ́ àdá kankan, ẹkún ló bú sí. Ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ kò mọ́.

Inú obì ló dàgbà sí. Wọ́n á rẹ gbànja sómi kí awọ funfun ara rẹ̀ lè rọ̀, wọ́n á fi ọ̀bẹ kékeré bó o, wọ́n á fi ewé tẹ́ inú agbọ̀n, wọ́n á kó o sí i, tírélà á sì gbé e lọ sí Kánò. Ọwọ́ Ìdíátù yá débi pé ó lè bó obì lójú oorun. Ó lọ́kọ, ó bí Abdullateef, ọkọ kú, ó padà sí ìsọ̀ bàbá rẹ̀ tí Fàsásì, àbúrò rẹ̀, ti jogún. Kò ráhùn. Àwọn obìnrin ìsọ̀ a jókòó yí abọ́ ńlá kan po, ọwọ́ wọn a máa wọnú omi kan náà, ẹnu wọn a sì máa wọnú ọ̀rọ̀ gbogbo ayé.

Àmì kan ló yọ sí i lápá. Ó funfun díẹ̀ ju ara yòókù lọ, kò yún un, kò dùn ún, ó ní ìfo ni. Lọ́jọ́ tó fi ọwọ́ òsì gbé ìkòkò gbígbóná kalẹ̀, tí ọwọ́ náà bó, tó jẹ́ pé òórùn ló sọ fún un, ni Abdullateef gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: ẹ̀tẹ̀ ni. Ó lo oògùn tán láìfo ọjọ́ kan, wọ́n sì sọ fún un pé àrùn ti kúrò lára rẹ̀, kò lè ran ẹnikẹ́ni mọ́. Ohun tó kù ni ìka méjì tó ká kò, àti ọwọ́ òsì tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín omi àti iná.

Àrùn lọ, orúkọ rẹ̀ kù.

Nígbà tó padà sí ìsọ̀, Kareemat, ìyàwó Fàsásì, ti ra abọ́ tuntun fún un. Ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú àpótí ìjókòó kan àti kọ́ọ̀bù tirẹ̀ lọ́tọ̀. "Ìyá wa, atẹ́gùn wà níbí fún yín," ló wí. Ìdíátù dúpẹ́, ó jókòó sínú atẹ́gùn náà.

Ẹnikẹ́ni kò bú u. Kìkì pé lọ́jọ́ kan, obìnrin kan nídìí abọ́ ńlá ń rojọ́ orogún rẹ̀, ló bá ní, "Adẹ́tẹ̀ ò lè fún wàrà, ṣùgbọ́n ó lè dà á..." Ó gbé ìyókù mì.

"Ó lè dà á nù," Ìdíátù bá a parí rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. "Sọ ọ́ tán, má jẹ́ kí òwe há ẹ lọ́fun."

Àjọkẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Ohun kan ṣoṣo ló wá ń jẹ Ìdíátù lọ́kàn. Nínú ìsọ̀ wọn, bí obì tuntun bá dé lọ́dọọdún, obìnrin tó dàgbà jù ní í pa obì àkọ́kọ́, á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún olúkúlùkù ní tirẹ̀. Wọn kì í di ẹnu agbọ̀n kankan kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Lọ́dún yìí, orúnkún ìyá àgbà tó ń ṣe é kò gbé e mọ́, ọmọ rẹ̀ ti mú un lọ sí Simawa. Ìdíátù ló kàn. Gbogbo wọn mọ̀, kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Kò bẹ̀rù pé wọ́n á lé òun. Ẹ̀rù tó ń bà á ni pé òun á na obì, kò sì ní sí ọwọ́ tó máa jáde gbà á.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Kareemat gbé àwo kan jáde.

"Mo rò ó pé kí Ìyá wa ṣáà pa á sínú àwo," ó ní, "ká wá máa fi ṣíbí bù ú."

"Ṣíbí?" Àjọkẹ́ gbójú sókè. "Obì la fẹ́ jẹ ni, àbí ìrẹsì? Ṣé kí n lọ wá ọbẹ̀ wá?"

"Ẹ̀yin náà ẹ! Ìmọ́tótó ni mo ń wí."

"Kareemat, obì tó wà lẹ́nu ẹ yẹn, níbo lo ti rí i?"

"Obì ìrọ̀lẹ́ àná ni. Èyí tí ọ̀bẹ ha."

Obì tí ọ̀bẹ bá ha kì í dé Kánò kó tó jẹrà. Nítorí náà, nírọ̀lẹ́, wọ́n á ṣà á sọ́tọ̀, àwọn obìnrin á sì pín in jẹ.

"Ọ̀bẹ ta ló ha á?" Àjọkẹ́ bi í. "Èmi kì í ha obì. Ìwọ náà kì í ha á, Ọlọ́run fún ẹ lọ́wọ́. Nínú wa, ọwọ́ ta ni kì í mọ̀ tí ọ̀bẹ bá wọ inú obì? Inú abọ́ ta ni wọ́n ti ń ṣà á nírọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́? Láti ọ̀gbẹlẹ̀ èṣí lo ti ń jẹun lọ́wọ́ Ìdíátù, ìwọ oníṣíbí! Wo bí eyín ẹ ṣe pọ́n!"

Kò sẹ́ni tó ti rò ó rí. Wọ́n ya abọ́ sọ́tọ̀, wọ́n ya kọ́ọ̀bù sọ́tọ̀, obì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu wọn. Ìdíátù pàápàá kò rò ó. Ìtìjú obì tó ń bà jẹ́ kò jẹ́ kó wo ibi tí wọ́n ń kó o lọ. Obìnrin tí òwe há lọ́fun ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì gba gbogbo ìsọ̀.

Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí Ìdíátù mú gbànja pupa kan, tó pa á. "Ọlọ́run, jẹ́ kó dé Kánò ní pípé," ó ní, "kí àwa náà wà ní pípé." Ó na ọwọ́ ọ̀tún. Àjọkẹ́ gbà, ó rún un wómúwómú. Obìnrin olówe náà kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà. Wọ́n ń gbà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan Kareemat. Òun náà na ọwọ́. Ọwọ́ ọ̀tún Ìdíátù ṣì mọ nǹkan lára. Ó mọ̀ pé àtẹ́lẹwọ́ ìyàwó àbúrò òun gbóná, ó sì làágùn. Kareemat kò jẹ ẹ́. Ó so ó mọ́ etí ìró.

"Màá jẹ ẹ́ tó bá yá, Ìyá wa."

"Ìgbà tó bá wù ẹ́, ìyàwó."

Ìdíátù kò wo ẹnu rẹ̀ mọ́. Ọwọ́ ti jáde.

"Gbé àpótí ẹ bọ̀ níbí jàre," Àjọkẹ́ ní.

"Atẹ́gùn ibí ti mọ́ mi lára. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sún síhìn-ín."

Wọ́n pòṣé, ṣùgbọ́n wọ́n wọ́ abọ́ ńlá náà wá sí ẹnu ọ̀nà, omi sì dà sílẹ̀ káàkiri.

Nígbà tí àwọn yòókù lọ wá oúnjẹ ọ̀sán, agbọ̀n kan ló kù tí wọn kò tíì rán ẹnu rẹ̀. Ìdíátù tẹ ewé bọ inú rẹ̀ yíká, ó ki okùn bọ abẹ́rẹ́ ńlá. Ó ń fi ojú ṣọ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ kí abẹ́rẹ́ má baà gún un láìwí fún un. Ó rán ẹnu agbọ̀n náà yíká, ó fà á le, ó so ó ní kókó, ó sì gé okùn.