Súìṣì Márùn-ún Inú Ilé Onítáyà

Bí ẹ bá dé ọ̀nà Oǹdó ní Àkúrẹ́, tí ẹ béèrè rìwáyà tó ń jẹ́ Gbémiga, wọn á kọ́kọ́ bi yín bóyá ẹ ní sùúrù. Iná ọkọ̀ ló ń tún ṣe, kò sì yára. Ṣọ́ọ̀bù tèmi ló kángun sí tirẹ̀. Èmi Sherifat ni mo ń ta wáyà, fíúsì, gílóòbù àti súìṣì ọkọ̀, ọdún kọkànlá rèé tí a jọ ń lo ògiri kan. Mo mọ̀ ọ́n débi pé tí mo bá gbọ́ tó ń bá bátìrì sọ̀rọ̀, mo ti mọ̀ pé inú ẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà.

Nígbà kan, kò sí ohun tí Gbémiga kì í dáírẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ mọ ọ̀rọ̀ náà. Fíúsì á jó, òmíràn ò ní sí nítòsí, oníbàárà á sì máa wo aago. Rìwáyà á bó wáyà, á yọ okùn bàbà tín-ín-rín kan nínú ẹ̀, á fi so ẹnu méjèèjì tí fíúsì wà tẹ́lẹ̀ pọ̀. Iná á tàn, oníbàárà á dúpẹ́, á wa ọkọ̀ ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n tìtorí kí wáyà má baà jó ni wọ́n ṣe fi fíúsì síbẹ̀. Tí o bá ti dáírẹ́ẹ̀tì, kò sí ohun tó máa dá iná dúró mọ́. Mo sọ ọ́ títí ẹnu mi fẹ́ bó. Gbémiga á kàn rẹ́rìn-ín, á ní, “Àǹtí, ọjà yín lẹ fẹ́ tà.”

Ọkọ̀ Nọ́ọ̀sì Májẹ́kódùnmí ló pa ẹ̀rín yẹn.

Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni Màmá Májẹ́kódùnmí, ọmọ Oǹdó ni wọ́n, Oǹdó náà ni wọ́n ń gbé. Kìtán, ọmọ wọn tó wà ní Jámánì, ló fi ọkọ̀ náà ránṣẹ́ sí wọn. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú ẹ̀, sítóòfù àti sìlíńdà gáàsì wà níbẹ̀, síńkì wà, pọ́ǹpù ń fa omi láti inú táǹkì, bátìrì ńlá kan sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ilé onítáyà ni wọ́n ń pè é. Ọmọ rò pé ìyá òun á máa fi ṣe fàájì kiri. Màmá ní fàájì kí ni, wọ́n bá ń gbé e wọ àwọn abúlé oníkòkó tí kò sí ọsibítù, wọ́n ń fi gbẹ̀bí. Ohun kan ṣoṣo ló ń bí wọn nínú. Lókè ẹnu ọ̀nà, níbi tí òyìnbó gíga lè nawọ́ sí, ni súìṣì márààrùn-ún wà: ti iná méjì, ti fáànù, ti pọ́ǹpù àti ti fíríìjì. Màmá kúrú, orúnkún sì ń dùn wọ́n. Tí wọ́n bá ti gbé ọwọ́ lé aláboyún, wọn ò lè fi í sílẹ̀ kí wọ́n lọ máa fò sókè nídìí súìṣì. Wọ́n ní kí Gbémiga kó gbogbo ẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọjọ́ méjì ló fi ṣe é. Ó fa wáyà gba ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbẹ́ ihò márùn-ún sára pátákó kan, ó to súìṣì sí i, ó sì dára lójú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, ó ní kí n fi páálí fíúsì kan sílẹ̀ fún òun, nítorí òun á tètè dé lọ́jọ́ kejì. Mo ní ọjà mi kì í sùn ní ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn, pàápàá ẹni tó máa da nọ́ńbà wọn pọ̀ mọ́ra. Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ Sátidé, mo lọ ṣe irun. Mi ò ní purọ́, irun ni mo lọ ṣe.

Nǹkan bí aago mọ́kànlá ni mo dé pẹ̀lú orí tuntun mi. Mo bá Gbémiga lórí àga, ó ń jẹ búrẹ́dì, ọkọ̀ ti lọ. Ó sọ bó ṣe rí fún mi. Gbogbo súìṣì ló ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi ọwọ́ ti pátákó náà láti mọ̀ bóyá ó le, fíúsì pọ́ǹpù jó. Ó fi òmíràn sí i, ó tún fi ọwọ́ tì í, ìyẹn náà jó. Èyí tó kù lọ́wọ́ ẹ̀ tán nìyẹn, àgádágodo sì wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Àárín ìgbà náà ni wọ́n pe Màmá pé aláboyún kan ti ń rọbí. Wọ́n ní àfi kí àwọn sáré dé Oǹdó lọ mú báàgì iṣẹ́ àwọn.

“Mo bá dáírẹ́ẹ̀tì ẹ̀,” ó ní. “Mo ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè.”

Mo ti la ẹnu láti bú u nígbà tí mo rí ìdérí agolo kan nílẹ̀. Síkírù kúkúrú mẹ́rin wà nínú ẹ̀.

“Níbo lo ti yọ ìwọ̀nyí?”

“Wọ́n bá pátákó súìṣì ti tẹ́lẹ̀ wá ni.”

“Kí lo wá fi de tuntun?”

Ó ní àwọn gígùn tó wà nínú àpò òun ni. Bó ṣe sọ ọ́ tán, kò jẹ búrẹ́dì mọ́. Ẹ̀yìn pátákó yẹn gan-an ni ìdì wáyà gbà kọjá. Síkírù gígùn ti wọlé lọ bá wáyà pọ́ǹpù, ó ti gún ara ẹ̀. Tí pátákó bá dúró jẹ́ẹ́, kò sí wàhálà. Tí nǹkan bá tì í báyìí, iná á kan irin. Ìdí tí fíúsì fi jó lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn, òun sì ti yọ fíúsì kúrò. Pátákó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, sìlíńdà gáàsì ò jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì, ọkọ̀ sì ń lọ sójú ọ̀nà tó kún fún gálọ́ọ̀pù.

Ó pe Màmá, fóònù ò wọlé. Ó tún pè wọ́n, bákan náà ni. Mo ní kó wọ mọ́tò mi.

A kọjá Ìlárá, a kọjá Ìpogùn, ọwọ́ ẹ̀ ò kúrò lórí fóònù. Mo ń bínú sí i, mo sì ń bínú sí orí tí mo lọ dì. A ré kọjá Bọ́lọ́rundúró láì wo ẹ̀gbẹ́ kan, torí Oǹdó ni Màmá sọ fún un. Nígbà tí a dé ilé wọn l’Óǹdó, géètì wà ní títì. Bísọ́dún, tó ń gbé ilé kejì, ló dá wa lóhùn lórí ògiri.

“Nọ́ọ̀sì ti mú báàgì, wọ́n ti lọ. Ó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Abúlé kan lẹ́yìn Bọ́lọ́rundúró ni wọ́n ní aláboyún wà.”

Gbémiga di orí mú. Àṣé nígbà tí a ń sáré kọjá, inú igbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ni wọ́n wà. A yí padà. Ọlọ́kadà kan ní Bọ́lọ́rundúró ló fi ọ̀nà hàn wá, ọ̀nà pupa tó kún fún kòtò, kòkó lọ́tùn-ún, kòkó lósì. Bí táyà mi bá ti jìn sí kòtò kan báyìí, Gbémiga á mí kanlẹ̀, torí ó mọ̀ pé táyà Màmá náà ti jìn síbẹ̀.

Ọkọ̀ náà wà níwájú ilé alámọ̀ kan. A ò tíì dúró tí òórùn rọ́bà tó ń jó fi kàn wá nímú. Gbémiga fò sílẹ̀, ó sáré dé ẹnu ilẹ̀kùn. Màmá yọjú pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà lọ́wọ́, wọ́n sì dí ọ̀nà.

“Ọkùnrin kì í wọ ibi tí mo ti ń gbẹ̀bí. O mọ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Màmá, iná fẹ́ ṣẹ́ yọ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tú bátìrì, ẹ jọ̀ọ́, mà.”

“Mo ti ń gbọ́ òórùn ẹ̀. Mo pa súìṣì, kò gbọ́. Orí ọmọ ti yọ, mi ò lè gbé e kúrò níbí. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnìkan ló máa pa iná yẹn, kí obìnrin wá pa á.”

Àwọn méjèèjì wá ń wò mí. Ọdún kọkànlá tí mo ti ń ta ọjà iná ọkọ̀, mi ò fi ọwọ́ ara mi tú nǹkan kan rí. Gbémiga ti sípánà nọ́ńbà mẹ́wàá sí mi lọ́wọ́. Ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí ọkọ̀, ó kọjú sí kòkó.

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Èéfín funfun ń yọ lẹ́yìn pátákó súìṣì, kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ sí orí obìnrin tó dùbúlẹ̀. Goodness lorúkọ ẹ̀, kò tíì tó ọmọ ogún ọdún. Mo kúnlẹ̀, mo ṣí ilẹ̀kùn abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

“Ẹ rí orí bátìrì méjèèjì?” ohùn Gbémiga dé láti ìta. “Dúdú ni kí ẹ tú. Ẹ má fọwọ́ kan pupa. Ẹ má jẹ́ kí sípánà kan méjèèjì pọ̀, ó máa ṣáná, gáàsì sì wà níbẹ̀.”

“Ó le. Kò yí.”

“Apá òsì ni kí ẹ yí i sí.”

“Òsì ta ni, Gbémiga?”

“Òsì tiyín, Àǹtí. Ẹ rọra.”

Ìgbà yẹn ni ìrọbí tún mú Goodness. Ó nawọ́ wá ohun tó máa dì mú, irun mi ló bá. Ó fà á débi tí omi fi bọ́ lójú mi. Mi ò lè ní kó fi sílẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì yí sípánà, nọ́ọ̀tì orí bátìrì yẹn ké, ó tú. Mo gbé wáyà dúdú kúrò lórí bátìrì. Fáànù dákẹ́, iná kú, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Màmá ò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn. Wọ́n ní kí n ta kọ́tìnì sókè kí ojúmọ́ lè wọlé, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá iná kiri. Kò pẹ́ tí ọmọ fi ké. Obìnrin ni.

Nígbà tí wọ́n ti gbé ìyá àti ọmọ wọnú ilé, Màmá jókòó sórí àtẹ̀gùn ọkọ̀, wọ́n bi wá pé kí ló fa iná náà. Mo ti ní èsì lọ́kàn, pé eku ló jẹ wáyà. Oníwáyà tí kì í purọ́ mọ́ eku ṣọ̀wọ́n ní Àkúrẹ́. Ṣùgbọ́n Gbémiga ti dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ pupa.

“Èmi ni, Màmá. Síkírù tí mo lò gùn jù. Fíúsì jó lẹ́ẹ̀mejì, mi ò wá ìdí ẹ̀, mo dáírẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Uṣẹ́ ọwọ́ mi ni.”

Màmá ò bú u.

“Bí obìnrin bá bímọ tán, tí ẹ̀jẹ̀ ò dá,” wọ́n ní, “ṣé màá kàn ki aṣọ bọ̀ ọ́, kí n sọ fún un pé ká ríra ní Mọ́ńdè?”

Wọ́n ní kó dìde, kó tún iṣẹ́ náà ṣe níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó tú u látòkèdélẹ̀. Wáyà tó yọ jáde ti dúdú, ara ẹ̀ ti yọ́ bí àbẹ́là. Ó gé e, ó sì fi í sápò. Ara ògiri ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ló gbé e kọ́ báyìí. Tí oníbàárà bá ní kó dáírẹ́ẹ̀tì nǹkan, á na ìka sí i. Àwọn mìíràn máa ń bínú lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, kì í pè wọ́n padà.

Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni pé nígbà tó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, gbogbo ẹ̀ ló kà sílẹ̀ pátá, kò dárúkọ mi. Kò sọ pé òun bẹ Àǹtí Sherifat fún fíúsì lálẹ́ àná. Kò sọ pé ilẹ̀kùn mi wà ní títì láàárọ̀. Èmi náà dúró níbẹ̀ pẹ̀lú irun jákujàku lórí, mi ò sọ ọ́. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kó tó dé, mo gbé páálí fíúsì kan ka orí tábìlì ẹ̀. Ó bi mí pé ti ta ni. Mo ní tèmi ni, kí páálí náà máa sùn síbẹ̀.