Bí Mo Ṣe Lọ Wádìí Ilé Ọkọ Ọmọ Mi Nínú Odò Òtútù

Aago mẹ́rin ìdájí kò tíì lù nígbà tí ìyàwó mi wọ́n omi àdúrà sí mi lára lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Thames View, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Aládùúrà ni, kì í jẹ́ kí n rin ìrìn tó bá kọjá Barking láìṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbé kúlà, àpótí tó ń mú ẹja tutù, lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Bàbá Mọ́rẹ́nikẹ́, ẹja kọ́ ni mo rán yín o. Àwọn èèyàn yẹn ni kẹ́ ẹ wò dáadáa."

Ẹ̀yin ará ilé mọ bí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ṣe rí. Ní Abẹ́òkúta tiwa, kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni lọ́mọ, wọ́n á kọ́kọ́ rán ẹnìkan lọ sí àdúgbò ọkọ. Á lọ bi àwọn aládùúgbò léèrè bóyá wèrè wà nínú ìdílé náà, bóyá wọ́n ń jalè, bóyá wọ́n ń na ìyàwó. Mọ́rẹ́nikẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, ti mú ọmọkùnrin kan láti Wales wá sílé. Owen lorúkọ rẹ̀. Ara rẹ̀ balẹ̀, ó sì ń gbìyànjú láti dọ̀bálẹ̀ fún mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ńṣe ló máa ń dà bí ẹni tó ń wá nǹkan tó já bọ́ sábẹ́ àga. Ṣùgbọ́n a ò mọ ilé tó ti wá. Mọ́rẹ́nikẹ́ ti sọ fún mi pé bí mo bá ní rárá, òun ò ní fẹ́ ẹ lẹ́yìn mi, àmọ́ òun ò ní fẹ́ ẹlòmíràn náà. Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn dáadáa fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Nígbà tí Gareth, bàbá Owen, wá ránṣẹ́ pé kí n wá bá òun pẹja lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù kìíní, ìyàwó mi ní Ọlọ́run ló ṣí ọ̀nà ìwádìí fún wa.

Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà, ọ̀nà Thames View sí Barking yìí gan-an ni mo sì ń ná. Lọ́jọ́ náà èmi náà di èrò. Délé, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ló wà nídìí ọkọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, where's your uniform? Ṣé ẹ ò ṣe early shift lónìí ni?"

"Mo gba off. Wales ni mò ń lọ. Mo fẹ́ lọ pẹja."

"Ẹja kẹ̀? In this cold? Ẹ̀gbọ́n, Títù wà ní Ripple Road o. Ẹ kàn rà á, kẹ́ ẹ padà lọ sùn, abeg."

Awakọ̀ kò gbọdọ̀ máa bá èrò sọ̀rọ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, mo sì fi àkọlé tó sọ bẹ́ẹ̀ hàn án lára ọkọ̀.

Láti Barking, ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ gbé mi dé Paddington tààrà, ibẹ̀ ni mo ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Wales. Wákàtí mẹ́ta ó lé ni, mo sì pààrọ̀ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Búrẹ́dì àti ẹyin díndín tí ìyàwó mi dì fún mi ni mo jẹ, nítorí páùn mẹ́fà ni wọ́n ń ta búrẹ́dì tí kò tó ìdajì tèmi nínú ọkọ̀. Lẹ́yìn tí a kọjá odò ńlá tó pín ilẹ̀ Wales sọ́tọ̀, gbogbo àmì ojú ọ̀nà di èdè méjì. Wọ́n kọ "araf" sójú títì níbi gbogbo, ìtumọ̀ rẹ̀ ni "rọra". Èmi awakọ̀ gba ti ìlú tó ń bẹ ènìyàn kó rọra. Òkè ló kún ibẹ̀, yìnyín sì funfun lórí wọn. Mo ti rí òkè rí, ọmọ Ẹ̀gbá ni mí, ìdí àpáta la bí mi sí. Àmọ́ àpáta tiwa máa ń gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ ni. Tiwọn tutù débi pé wíwò ó lásán ń dun eyín.

Gareth ní kí n dúró de òun ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí wọ́n ti ń ta tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀. Tíì jẹ́ páùn méjì, bibẹ́ kéèkì kan tí wọ́n ń pè ní "bara brith" sì jẹ́ páùn mẹ́ta. Búrẹ́dì aládùn ni, tí wọ́n fi èso gbígbẹ sí lẹ́yìn tí wọ́n ti rẹ ẹ́ sínú tíì. Ó dùn lẹ́nu. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ ju obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà lọ, ó sì dàgbà jù mí lọ. Mo rò ó pé aládùúgbò tí mo máa bi léèrè nìyí. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé ẹ mọ Gareth tó ń pẹja? Ṣé wèrè kankan wà nínú ìdílé wọn?"

Ó gbé ìkòkò tíì sílẹ̀, ó wò mí. Ó ní, "Ọkùnrin tó ń fi gbogbo ìgbà òtútù dúró sínú odò, kí lo fẹ́ pe ìyẹn?"

"Ṣé ó máa ń jágbe mọ́ ìyàwó rẹ̀?"

"Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń jágbe. Ó dá mi lójú, nítorí èmi ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó náà."

Ojú tì mí débi pé mo ra kéèkì kejì. Nígbà tí Gareth wọlé, kò tíì ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn tán tí obìnrin náà fi ro gbogbo ẹjọ́ fún un. Ọkùnrin gíga onírùngbọ̀n funfun ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Ó ní, "Bó bá jẹ́ obìnrin ni mo bí, èmi náà á béèrè. Jẹ́ ká lọ. Bi mí ní ìyókù létí odò."

Ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa gba ọ̀nà tóóró kan lọ sáàárín àpáta méjì, níbi tí odò ti gé òkè sí méjì tó sì ń hó gba inú rẹ̀ kọjá. Ó wọ ṣòkòtò rọ́bà tó dé àyà fún mi. Ìwọ̀ tí wọ́n fi ń pẹja níbẹ̀ kò ní ekòló lẹ́nu bíi tiwa. Ìyẹ́ àti òwú ni wọ́n wé mọ́ ọn kó lè jọ kòkòrò omi, ẹja á sì gbà á gbọ́. Ẹja kan tó ń jẹ́ grayling ni òfin gbà wá láyè láti pa nígbà òtútù, ẹgbẹ́ tó ni etí odò náà sì ní ẹnìkan lè mú ẹyọ kan lọ jẹ. Ṣùgbọ́n trout, ọba odò náà, èèwọ̀ ni di ìgbà ìrúwé. "Brithyll" ni wọ́n ń pè é lédè wọn, nítorí àmì tóótòòtó tó wà lára rẹ̀.

A dúró sínú omi náà títí mi ò fi mọ̀ bóyá mo ṣì ní ọmọ ìka ẹsẹ̀. Gareth mú grayling mẹ́rin, ó tú gbogbo wọn sílẹ̀. Èmi mú ẹ̀ka igi, mo tún mú fìlà ara mi. Bí mo ṣe ń ju ìwọ̀ sómi ni mò ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀, ó sì ń dáhùn láìbínú. Ó ní bàbá òun mutí jù. Ó ní òun náà mu díẹ̀ kí òun tó jáwọ́. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, àmọ́ ẹnu kò lẹ́gungun, ẹnikẹ́ni lè sọ ohun tó wù ú.

Nígbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀ ni nǹkan já òwú mi gbà. Ọ̀pá mi tẹ̀ kọ́lọ́kọ́lọ́. Gareth sáré fi àwọ̀n ọlọ́wọ́ gbé e fún mi, ẹja tó gùn tó apá mi láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọwọ́ ni. Àmì pupa àti dúdú bo ara rẹ̀. Mo ti ń rí i nínú ọbẹ̀ ata kí n tó mọ̀ pé trout ni.

Mo wo òkè, mo wo ìsàlẹ̀. Àgùntàn mẹ́ta péré ló ń wò wá. Mo ní, "Gareth, ta ló rí wa? Kúlà mi wà nínú ọkọ̀."

Kò bínú, kò sì wàásù fún mi. Ó rẹ ọwọ́ rẹ̀ sómi, ó rọra yọ ìwọ̀ lẹ́nu ẹja náà. Ó ní, "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ẹyin tán ni. Kò tíì lágbára. Wá, ìwọ lo mú un, ìwọ ni kó o jẹ́ kó lọ sílé."

Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa dì í mú kó kọjú sí ìṣàn omi. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń mí lọ́wọ́ mi, tí agbára rẹ̀ ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, inú mi rọ̀. Ó fi ìrù gbá mi lọ́wọ́, ó lọ. Ìdùnnú kan sọ lára mi tí mi ò retí. Ọkùnrin yìí ń pa òfin mọ́ níbi tí òfin kò ti lójú.

Nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé mi bọ̀, mò ń ro ohun tí mo máa sọ nílé. Àwọn àgbà ní ẹni à ń wò kì í wòran. Mo rìn láti Barking dé Wales kí n tó mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń wò.

Ìyàwó mi gbọ́ ìtàn náà tán lórí ìdúró, kò tilẹ̀ béèrè ẹja. Ó ní, "Ó ní kẹ́ ẹ tú u sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rí i?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ̀yin sọ?"

"Mo ní ká gbé e sínú kúlà."

Ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ní, "Bàbá Mọ́rẹ́nikẹ́, ẹ tètè fọwọ́ sí ìgbéyàwó náà o, kí wọ́n tó wá ṣe ìwádìí tiwa ní Thames View."

Mo pe Mọ́rẹ́nikẹ́ níbi tí mo dúró sí. Mo ní, "Ọmọ mi, bẹ́ẹ̀ ni. Sọ fún Owen, àna mi, kó má pẹ́ kó tó wá tọrọ ọwọ́ rẹ."