Ìyá Eléyín àti Ìjàpá Bàbá Wa

Àbúrò mi obìnrin ni wọ́n ń pè ní Ìyá Eléyín. Eyín ẹnu rẹ̀ kọ́, eyín gíà ni. Títún gíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ àtijọ́ ṣe niṣẹ́ rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń kọjá lójú títì, á gbé etí sókè, á ní, "Gíà kẹta ìyẹn ti ń jẹ ara rẹ̀." Kì í ṣì í.

Òfin kan ló fi ń ṣiṣẹ́: bí o ṣe bá a, bẹ́ẹ̀ ni kí o dá a padà. Irin tó bá kọ́kọ́ tú, á tẹ́ ẹ sí ìbẹ̀rẹ̀ aṣọ funfun kan. Èyí tó bá tẹ̀ lé e, á tẹ̀ lé e lórí aṣọ. Ìparí aṣọ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ bó bá ń tò wọ́n padà. Mo ti rí i tó lé oníbàárà jáde torí pé onítọ̀hún sín sí aṣọ náà.

Bàbá wa fi ọkọ̀ ìjàpá kan, ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́yìn róbótó, sílẹ̀ fún wa. Inú rẹ̀ ló ti kọ́ Ìyá Eléyín ní ọkọ̀ wíwà, itan bàbá ló jókòó lé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì tó kílọ́ọ̀ṣì. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè gbọ́ pé kí wọ́n tà á. Ṣùgbọ́n gíà kejì ti bàjẹ́. Bí o bá fi ọkọ̀ sí i níbi tí òkè ti le, á ta jáde. Àgbàlá ẹ̀gbọ́n wa àgbà ni ọkọ̀ náà ń gbé, lórí òkè. A jẹ́ kó yọ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá Eléyín. Ìgbà tó pẹ́ níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n wa wá bá wa.

Ó ní, "Òkú irin yìí ti sú mi. Mo ti pe onírin-àlòkù. Bí kò bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ẹnu géètì mi lọ́sàn-án ọ̀la, á gbé e lọ."

Ìyá Eléyín ní, "Kí ẹnikẹ́ni má tì í, kí ẹnikẹ́ni má fà á?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ lọ tún ẹnu géètì gbá, ẹ̀gbọ́n mi."

Gíábọ́ọ̀sì bọ́ọ̀sì akérò àtijọ́ kan wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan náà ló ṣe òun àti ìjàpá. Ó tú méjèèjì. Ilé gíà ìjàpá ló lò, ìfun bọ́ọ̀sì ló kó sí i: ọ̀pá, eyín, òrùka idẹ, títí kan kíráwùn, irin róbótó ńlá tó ń gba agbára lọ́wọ́ gíà láti fi yí táyà. Kíráwùn àti ọ̀pá tó ń yí i, ìbejì ni wọ́n. A kì í yà wọ́n. Rìfáàsì, gíà tí a fi ń rìn sẹ́yìn, nìkan ni kò dáa tó nínú ẹrù bọ́ọ̀sì náà.

Ó ní, "Ta ló ń fi rìfáàsì gun òkè?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì dáhùn. Ó fi sí gíà kìíní, ó tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ọkọ̀ fi ẹ̀yìn rìn, ó lọ kọ lu òkìtì táyà.

Panẹ́lì-bítà, ẹni tó ń lu ara ọkọ̀ tó bá tẹ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí tiwa, pariwo, "Ìyá Eléyín! Kí ni ìjàpá gbàgbé sílé tó ń padà lọ mú?"

Ó fi sí gíà kejì. Ẹ̀yìn. Ó fi sí rìfáàsì. Ọkọ̀ lọ síwájú díẹ̀, rìfáàsì ké, ó ta jáde. Ìyá Eléyín gbá iwájú orí ara rẹ̀.

"Bùọ̀dá mi! Bọ́ọ̀sì yẹn ní gíà kékeré nídìí táyà, òun ló ń yí ìrìn rẹ̀ padà. Ìdí nìyẹn tí kíráwùn rẹ̀ fi wà lódìkejì. Ìjàpá kò ní gíà kékeré yẹn. Ibi tí mo bá a ni mo dá a padà sí!"

"Ṣé o lè yí i báyìí?"

"Ó di ọ̀la."

A rí ọkọ̀ onírin-àlòkù lókè, lẹ́nu géètì. Ìyá Eléyín wò ó. Ó wò mí. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ bá mi wo gọ́tà lápá tiyín."

Ó yí ìdí ìjàpá kọ òkè, ó fi sí gíà kìíní. Ọkọ̀ gbéra! Ó bojú wẹ̀yìn, mo yọrí síta.

"Ọ̀tún díẹ̀. Ó tó. Máa bọ̀!"

Àwọn mẹkáníìkì jù sípánà sílẹ̀, wọ́n ń sáré tẹ̀ lé wa. A dé ibi tí òkè ti le.

Panẹ́lì-bítà ń mí hẹlẹ, ó ń kígbe pé, "Má fi sí kejì o! Á ta jáde!"

Ó fi sí kejì. Mo di ilẹ̀kùn mú. Kò ta jáde. Gíà náà ń kùn bí oyin, ọkọ̀ sì ń fi ẹ̀yìn sáré gun òkè. Láyé mi, n kò rí irú rẹ̀ rí. Èmi àgbàlagbà, mo na ọwọ́ síta, mo ń lu ara ọkọ̀, mo ń pariwo, "Máa lọ! Máa lọ!"

Ẹ̀gbọ́n wa dúró lẹ́nu géètì, ó rí ìdí ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá bá a. Ó fò sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹ̀yìn ló fi wá!"

Ìyá Eléyín ní, "Ẹsẹ̀ lẹ dárúkọ, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ò dárúkọ orí."

Onírin-àlòkù ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n wa kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ilẹ̀kùn lápá ọ̀dọ̀ mi, ó ní kí n bọ́ sẹ́yìn.

Ó jókòó, ó ní, "Gbé mi sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ. Kí o wá tún un ṣe, kí n rí i dáadáa."

Lọ́jọ́ kejì ni Ìyá Eléyín yí kíráwùn sí ibi tó yẹ kó wà. Ìjàpá ń fi orí gun òkè báyìí. Òfin aṣọ funfun ṣì wà, ó kàn gùn sí i díẹ̀: bí o ṣe bá a, bẹ́ẹ̀ ni kí o dá a padà, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ bi í pé ọmọ ilé ta ni.